Gáàsì àti kpayo kò gbọdọ̀ bá wa sùn

Ní Lagbé níbí, bí ẹnìkan bá ra ìgò gáàsì wá sílé, àwọn kan a máa sọ pé ó gbé ikú wọlé. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Igi ìdáná náà ń pa wá, díẹ̀díẹ̀ ló fi ń ṣe é. Èéfín rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró ìyá tí ń dáná àti ọmọ tí ó pọ̀n sẹ́yìn. Ohun tí ń bà mí lẹ́rù ni ibi tí a ń gbé gáàsì sí.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ilé wa. A sún mọ́ ẹnubodè Igolo, ó sì ti pẹ́ tí a ti ń ta kpayo. Ní ilé mìíràn, kẹ́ẹ̀gì kpayo wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìgò gáàsì wà ní igun yàrá kan náà. Bàbá, ìyá àti ọmọ ń sùn láàárín wọn.

Ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, iná ńlá sọ ní Sèmè-Kraké, níbi tí wọ́n ń kó kpayo pamọ́ sí. Àwọn tí ó kú ju 30 lọ. Ọmọ ọwọ́ wà nínú wọn. Kpayo ló fa ìyẹn, kì í ṣe gáàsì. Ṣùgbọ́n ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì ń hù. Atẹ́gùn tí ń jáde lára wọn wúwo ju atẹ́gùn tí à ń mí lọ. Kì í gòkè bí èéfín. Ilẹ̀ ló ń rìn bí omi, a wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a kó jọ sí igun, títí yóò fi bá àtùpà tàbí sìgá pàdé.

Nítorí náà, fèrèsé òkè nìkan kò tó. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ bí ẹ bá ń dáná. Lítà kan gáàsì tí ó wà nínú ìgò, bí ó bá tú jáde, yóò di ohun tí ó ju 200 lítà lọ. Ìyẹn ju dúrọ́ọ̀mù ńlá kan lọ!

Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Wọ́n fi ohun tí ń rùn sí i kí a lè mọ̀ bí ó bá ń jò. Àwọn kan a sì ṣá ìṣáná láti wá ibi tí ó ti ń jò! Ẹ má dán an wò láé. Ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, kí ẹ fi pa ibi tí rọ́bà ti so mọ́ ìgò. Bí ó bá ń hó, tí ó ń wú níbẹ̀, ó ń jò nìyẹn. Bí òórùn náà bá jí yín lóru, ẹ má tan iná, ẹ má pa iná, ẹ má fọwọ́ kan tẹlifóònù. Ẹ pa ẹnu ìgò bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ jáde.

Ẹ̀yin baálé ilé, a máa ń fún ìyàwó lówó gáàsì, a kì í fún un lówó rọ́bà. Rọ́bà a máa gbó. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi tíúbù kẹ̀kẹ́ dì. Ẹni tí ó rí owó sódabì, ó yẹ kí ó rí owó rọ́bà.

Ẹ kọ́ àgọ́ páànù kékeré sí ẹ̀yìn ilé, kí atẹ́gùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ gbé ìgò náà dúró níbẹ̀, ẹ má fi í lélẹ̀ gbalaja. Bí ẹ bá ní olè yóò gbé e, ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ òpó. Ní ti kpayo, mo mọ̀ pé oúnjẹ ọ̀pọ̀ ilé ni. Ẹni tí kò bá tíì lè fi í sílẹ̀, kí ó wá ibòmíràn kó o sí, tí ó jìnnà sí ibi ìdáná àti ibi tí ọmọ ń sùn. Bí kò bá sí àyè fún méjèèjì, kpayo ni kí ó jáde.