Àjẹyó nìkan kò tó: ẹ wo inú abọ́ oúnjẹ tí ọmọ yín ń jẹ nílé ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin òbí wa, Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́. Kò sí olùkọ́ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí kò jẹun láàárọ̀ lè tẹjú mọ́ pátákó, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀. Ìdí nìyí tí oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ fi ṣe pàtàkì.

Àmọ́ ebi mìíràn tún wà tí kì í pariwo. Ọmọ lè jẹ ẹ̀bà tàbí túwó yó, kí ó máa sáré kiri, síbẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má tó. Èrò tèmi ni pé ebi yìí gan-an ló yẹ kí oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ gbógun tì. Bí àwa òbí kò bá sì máa yẹ abọ́ náà wò, kò sẹ́ni tí yóò bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé

Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà lọ́dún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 tó wà láàárín oṣù 6 sí oṣù 59, nǹkan bí 68 ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Ìwádìí kan náà fi hàn pé nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5, bíi 37 ló kúrú ju bó ṣe yẹ fún ọjọ́ orí wọn lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ọjọ́ náà ló ti wà nílé ẹ̀kọ́ báyìí.

Lọ́dún 2016, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì kìíní sí ìkẹta ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Wọ́n gba àwọn ìyá àdúgbò láti máa se oúnjẹ, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ra èlò lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ itòsí. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ₦70 ni wọ́n yàn fún oúnjẹ ọmọ kan lójúmọ́, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ₦100 lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ààrẹ Tinubu dá a dúró pẹ̀lú àwọn ètò ìrànwọ́ mìíràn. Ìjọba ti sọ lẹ́yìn náà pé òun yóò gbé e dìde padà.

Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e dìde, ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún wọn: ₦100 kò ra ẹyin kan lọ́jà mọ́. Bí owó kò bá tó, ẹja, ẹyin àti ẹran ló máa ń kọ́kọ́ kúrò nínú abọ́. Abọ́ náà yóò ṣì kún o, ìrẹsì àti omi ọbẹ̀ pupa ni yóò kún un. Kì í ṣe dandan kí ìyá alásè jalè kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ìṣirò lásán ni. Nítorí náà, iye owó náà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀lé iye tí wọ́n ń ta ọjà. Kò sì yẹ kí ó parí sí kíláàsì kẹta. Ọmọbìnrin tó wà ní kíláàsì karùn-ún tàbí ìkẹfà, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀, nílò oúnjẹ tí ń fún ara lẹ́jẹ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ṣé iṣẹ́ ìjọba ni láti bọ́ ọmọ wa?

Àwọn kan ní òbí ló yẹ kó bọ́ ọmọ rẹ̀, kí ìjọba fi owó náà kọ́ kíláàsì. Mo gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ghana, níbi tí ètò irú èyí ti bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2005. Ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2019 lórí rẹ̀ fi hàn pé nígbà tí wọ́n kó gbogbo ọmọ pọ̀, ìyàtọ̀ kò hàn nínú gíga wọn. Àmọ́ àwọn ọmọbìnrin àti àwọn ọmọ ilé tó tòṣì jù lọ ga sí i. Ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ náà tún sunwọ̀n sí i. Àwọn tí nǹkan ṣòro fún jù ló jèrè jù. Kíláàsì tuntun dára, ṣùgbọ́n ebi kì í fojú rí ògiri.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí ọmọ bá ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, oúnjẹ 21 ni lọ́sẹ̀. Márùn-ún péré ni ilé ẹ̀kọ́ lè fún un. Mẹ́rìndínlógún yòókù, ọwọ́ wa ló wà.

Ohun tí ẹ lè ṣe nílé

Ara fi èròjà irin tó wà nínú oúnjẹ ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà ló ń gbé afẹ́fẹ́ tí a mí sínú lọ sí ọpọlọ àti iṣan. Bí irin bá dínkù, ọmọ á máa tètè rẹ̀, á máa sùn ní kíláàsì, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ nísàlẹ̀ á funfun, àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń jẹ erùpẹ̀. Ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ.

Ẹran àti ẹja ni ara ti ń tètè rí irin gbà. Bí ẹran bá wọ́n, ẹja ṣáwá kékeré àti edé lílọ̀ lè wọ ọbẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, sóyà àti ewébẹ̀ bíi tẹ̀tẹ̀, tàbí zogale tí wọ́n ń jẹ ní òkè ọya, ní irin pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ara kì í rí i gbà dáadáa àyàfi bí fítámìnì C bá wà níbẹ̀. Nítorí náà, bí ọmọ bá jẹ ẹ̀wà tán, ẹ fún un ní ọsàn, ìbẹ́pẹ tàbí gúáfà. Tíì ní tirẹ̀ máa ń dí irin lọ́wọ́, ẹ má fi ti oúnjẹ.

Ẹ rántí aràn. Irú kan wà tó ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà wọlé, tó sì ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ìfun. Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé níbi tí aràn bá ti pọ̀, kí àwọn ọmọ máa lo oògùn aràn lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Bí wọ́n bá gbé e wá sí ilé ẹ̀kọ́, ẹ má kọ̀ ọ́.

Ẹ má kàn ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ o. Ibà, aràn tàbí àrùn fòníkúfọ̀ladìde lè wà nídìí rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ná.

Ẹ lọ wo abọ́ náà

Bí wọ́n bá ń fún ọmọ yín lóúnjẹ nílé ẹ̀kọ́, ì báà jẹ́ ti ìjọba, ì báà jẹ́ èyí tí ẹ sanwó fún, ẹ yà síbẹ̀ lọ́jọ́ kan ní àkókò oúnjẹ. Ẹ wo ohun mẹ́ta. Ṣé ẹ̀wà, ẹja, ẹyin tàbí ẹran wà nínú rẹ̀? Ṣé ewébẹ̀ tàbí èso wà níbẹ̀ ó kéré tán lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀? Ṣé omi àti ọṣẹ wà tí àwọn ọmọ àti alásè fi ń fọ ọwọ́?

Bí ìdáhùn bá jẹ́ rárá, ẹ má lọ bá ìyá alásè jà. Ó ṣeé ṣe kí owó tí wọ́n ń fún un má tó ohunkóhun. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú ìpàdé òbí àti olùkọ́, ẹ béèrè iye tó ń wọlé fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Òbí kan lè sọ̀rọ̀ kí wọ́n má gbọ́. Ogún òbí tó bá jọ sọ ọ́, wọn yóò gbọ́.