Ẹ Yọ Orúkọ Pettus Kúrò Lára Afárá Selma

Ọ̀gágun tó fi ìbọn gbèjà oko ẹrú kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ère, kò lẹ́tọ̀ọ́ sí òpópónà, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ sí afárá. Ibi tí mo dúró sí nìyẹn, mi ò sì ní yẹsẹ̀. Àwọn kan nínú wa á ní ogun tí òyìnbó bá òyìnbó jà ní Amẹ́ríkà láti 1861 sí 1865 kò kan ọmọ Yorùbá. Ó kàn wá. Ọmọ wa wà nínú ọ̀rọ̀ náà, Àbákẹ́ sì lorúkọ rẹ̀.

Àbákẹ́ kò ju ọmọ nǹkan bí ọdún méjì lọ nígbà tí wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sínú ọkọ̀ Clotilda ní Wídà, èbúté Dahomey, ní 1860. Láti 1808 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fòfin de kíkó ẹrú wọ̀lú, síbẹ̀ olówó kan ní Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama, Timothy Meaher, rán ọkọ̀ náà níṣẹ́. Nǹkan bí 110 ènìyàn ló gúnlẹ̀ ní Alabama, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ kí àṣírí má baà tú. Wọ́n ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n Àbákẹ́ síbòmíràn, ìyá wọn kò sì fojú kàn wọ́n mọ́ títí ayé. Wọ́n sọ Àbákẹ́ di Matilda. Nígbà tí ogun parí tí ó gba òmìnira, agbègbè Selma ló ń gbé, ó ṣì ń dirun bí wọ́n ṣe ń dirun nílẹ̀ Yorùbá títí tó fi di àgbàlagbà. Ní 1931, nígbà tó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ó fẹsẹ̀ rin máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí kóòtù ní Selma. Ó ní kí ìjọba fún òun ní owó gbà-má-bínú, nítorí wọ́n jí òun gbé, wọ́n sì ta òun lẹ́yìn tí òfin ti kà á léèwọ̀. Adájọ́ lé e padà lọ́wọ́ òfo.

Àbákẹ́ kú ní oṣù Kìíní ọdún 1940. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn kan náà, wọ́n ṣí afárá tuntun lórí odò Alabama ní Selma, wọ́n sì fi lẹ́tà gàdàgbà kọ orúkọ Edmund Pettus sára irin rẹ̀ lókè, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ á ti rí i láti òkèèrè.

Ta ni Pettus? Agbẹjọ́rò ni, ó sì di ọ̀gágun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gúúsù, ìyẹn àwọn ìpínlẹ̀ tó yà kúrò lára Amẹ́ríkà. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, òun ni Alabama rán sí Mississippi, níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jẹ́ gómìnà, pé kó lọ rọ̀ wọ́n kí wọ́n yà kúrò lára Amẹ́ríkà. Wọ́n sì yà. Lẹ́yìn ogun, ó di sẹ́nétọ̀ láti 1897 títí tó fi kú ní 1907, àwọn òpìtàn kan sì kà á mọ́ àwọn ògúnná gbòǹgbò Ku Klux Klan, ẹgbẹ́ òyìnbó tó ń dẹ́rù ba aláwọ̀ dúdú, ní ìpínlẹ̀ rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn tó kú ni afárá náà parí. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Wọ́n ní ìfẹ́ inú wọn láti mú orúkọ tó bá wù wọ́n, ti ẹni yìí ni wọ́n sì mú, nínú ìlú tí wọ́n ti lé arúgbó tí wọ́n jí gbé jáde ní kóòtù.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ ká wo ilé tí Pettus àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jà fún. Wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀tọ́ àwọn ìpínlẹ̀ ló dá ogun náà sílẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́. Irọ́ ni, ẹnu àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ogun náà la sì ti gbọ́ òótọ́. Mississippi kọ ìwé láti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi yà, ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an ni wọ́n ti sọ pé ọ̀rọ̀ oko ẹrú ni ọ̀rọ̀ àwọn. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹta 1861, Alexander Stephens, igbákejì ààrẹ ìjọba tuntun tí àwọn ìpínlẹ̀ tó yà náà dá sílẹ̀, dìde ní Savannah, ó ní òkúta igun ilé tí àwọn kọ́ ìjọba àwọn lé ni pé aláwọ̀ dúdú kò bá òyìnbó dọ́gba, àti pé ipò ẹrú ló bá ìṣẹ̀dá rẹ̀ mu. Ìwé òfin wọn sì là á sílẹ̀ pé ilé aṣòfin kò gbọ́dọ̀ ṣe òfin kankan tó máa dí olówó ẹrú lọ́wọ́ lórí ẹrú rẹ̀. Ohun tí àwọn ọ̀gágun wọn gbé ìbọn fún nìyẹn. Bí wọ́n bá ṣẹ́gun ni, Àbákẹ́ ì bá kú sí oko ẹrú, àwọn ọmọ rẹ̀ ì bá sì jẹ́ ẹrú ẹlòmíràn.

Robert E. Lee, ọ̀gágun Gúúsù tó lókìkí jù, ni wọ́n sábà máa ń fi bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọmọlúàbí ni, onígbàgbọ́ ni, òun gan-an kò fẹ́ràn oko ẹrú: bí wọ́n ṣe ń wí nìyẹn. Ẹ gbọ́ ti Wesley Norris. Bàbá ìyàwó Lee kú ní 1857, ìwé ìhágún rẹ̀ sì sọ pé kí wọ́n tú àwọn ẹrú òun sílẹ̀, kó má kọjá ọdún márùn-ún. Àwọn ẹrú náà gbà pé ikú olówó wọn ti sọ wọ́n di òmìnira. Lee, tí wọ́n fi ogún náà sí níkàáwọ́, ní wọ́n ṣì máa sìn. Ní 1859, Norris, arábìnrin rẹ̀ àti ìbátan wọn kan sá lọ. Ọwọ́ tẹ̀ wọ́n ní Maryland, wọ́n dá wọn padà sí Arlington, ilẹ̀ ogún náà. Norris sọ pé Lee pàṣẹ kí wọ́n na ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní àádọ́ta pàṣán, kí wọ́n na obìnrin náà ní ogún, ó dúró tì wọ́n, ó ń sọ pé kí ẹni tó mú pàṣán nà wọ́n dáadáa, lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi omi iyọ̀ fọ ẹ̀yìn wọn tó ti bó. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bó ló sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀, ìwé ìròyìn sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866. Ìparí ọdún 1862 ni Lee tó tú wọn sílẹ̀, ọdún márùn-ún náà ti pé kó tó yọ̀ǹda wọn.

Nígbà tí Lee kó ogun wọ Pennsylvania ní 1863, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń ṣọdẹ aláwọ̀ dúdú kiri ìlú, títí kan àwọn tí kò ṣẹrú rí láyé wọn, wọ́n ń kó wọn lọ sí Gúúsù. Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbọ́ ìtàn ìkónilẹ́rú lójú ọ̀nà oko kò nílò àlàyé kankan lórí èyí. Nathan Bedford Forrest, ọ̀gágun Gúúsù mìíràn, ń ta ẹrú ní Memphis kí ogun tó dé, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ló sì pa àwọn sójà aláwọ̀ dúdú tó ti juwọ́ sílẹ̀ ní Fort Pillow ní oṣù Kẹrin 1864. Wọ́n gbé ère orí rẹ̀ sínú ilé ìjọba Tennessee ní 1978, ó sì wà níbẹ̀ títí di 2021.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nínú gbogbo àwíjàre wọn ni pé akíkanjú ni wọ́n, àti pé iṣẹ́ ogun wọn nìkan làwọn ń bọ̀wọ̀ fún. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi pa James Longstreet tì? Ọwọ́ ọ̀tún Lee ni. Nígbà tí ogun parí, ó ní a ti ṣẹ́gun wa, ẹ jẹ́ ká gba òfin tuntun, kí aláwọ̀ dúdú dìbò. Ní 1874, ní New Orleans, òun ló ṣáájú àwọn ọlọ́pàá àti ọmọ ogun ìpínlẹ̀, aláwọ̀ dúdú wà lára wọn, láti dojú kọ White League, ẹgbẹ́ òyìnbó tó fẹ́ fi ìbọn gba ìjọba. Wọ́n ṣe é léṣe níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni Gúúsù ti ń pè é ní ọ̀dàlẹ̀. Ère Lee kún ìgboro lọ́tùn-ún lósì, Longstreet kò ní ère kankan ní pápá Gettysburg, níbi tí òun náà ti jà, títí di 1998. George Thomas ńkọ́? Ọmọ Virginia ni bíi Lee, ọ̀gá sójà ni bíi Lee, àmọ́ ó dúró ti ìjọba tó búra fún, ó sì fọ́ ogun Gúúsù yángá ní Nashville ní 1864. Wọ́n ní àwọn arábìnrin rẹ̀ yí àwòrán rẹ̀ kojú sí ògiri. Nígbà tí Richmond, olú ìlú Virginia, ń to ère àwọn ọ̀gágun sí Monument Avenue, wọn ò rántí Thomas.

Bí akíkanjú bá sì ni wọ́n ń wá, Robert Smalls ló yẹ kó ṣáájú. Ẹrú ni, atukọ̀ ni, kò ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1862, ó jí ọkọ̀ ogun Planter gbé ní èbúté Charleston, ó kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀, ó wà á kọjá níwájú àwọn ìbọn ńlá Gúúsù, ó sì kó o lé ọmọ ogun Àríwá lọ́wọ́. Láti inú oko ẹrú, ó dé ilé aṣòfin Amẹ́ríkà.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àwọn ère náà dìde tún jẹ́rìí sí ohun tí wọ́n wà fún. Wọ́n gbé ti Lee dìde ní Richmond ní 1890, ó di ọdún 1924 kí wọ́n tó gbé tirẹ̀ dìde ní Charlottesville. Ní Mobile, ìlú tí Clotilda gúnlẹ̀ sí, ọdún 1900 ni wọ́n gbé ère Raphael Semmes dìde, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Gúúsù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Alabama kọ ìwé òfin tuntun tó fi gba ìbò lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Àwọn ará ọkọ̀ Clotilda wà láàyè nígbà náà, wọ́n ń gbé ní Africatown níbi tí wọ́n ti fi òógùn ojú wọn ra ilẹ̀ lẹ́yìn tí Meaher kọ̀ láti fún wọn ní ẹyọ éékà kan. Ọ̀kan nínú wọn, Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, wà níbẹ̀ títí di 1935. Ojú wọn ni wọ́n gbé ère náà dìde sí. Lee fúnra rẹ̀ sì ti kọ lẹ́tà ní 1869 pé kí wọ́n má ṣe gbé ohun tí yóò máa ṣí egbò ogun dìde.

Wọ́n ní ẹni tó bá yọ ère ń pa ìtàn rẹ́. Wọ́n yọ ti Semmes ní oṣù Kẹfà 2020, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtàn ìlú Mobile, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ nípa rẹ̀ lè lọ síbẹ̀. Ìtàn wà nínú ìwé, ó wà ní ilé ìtàn, ó wà ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ère orí ẹṣin tí wọ́n gbé sókè ní àárín ìgboro ń sọ fún ọmọdé pé kó fi ẹni yìí ṣe àwòkọ́ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán o. Ní 2023, iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà yọ orúkọ àwọn ọ̀gágun Gúúsù kúrò lára bárékè mẹ́sàn-án. Fort Lee di Fort Gregg-Adams, orúkọ àwọn ológun aláwọ̀ dúdú méjì, Arthur Gregg àti Charity Adams. Ní 2025, ìjọba Trump dá àwọn orúkọ àtijọ́ náà padà. Wọ́n lọ wá sójà mìíràn tó ń jẹ́ Lee, Fitz Lee, aláwọ̀ dúdú tó gba àmì ẹ̀yẹ, wọ́n ní òun làwọn ń bọlá fún. Wọ́n fi akíkanjú kan bo ẹlòmíràn. Fitz Lee lẹ́tọ̀ọ́ sí bárékè tirẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n tìtorí rẹ̀ lé Gregg àti Adams jáde.

Mo mọ̀ pé John Lewis, ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tí àwọn ọlọ́pàá fọ́ lórí ní afárá Selma nígbà ìwọ́de ẹ̀tọ́ ìdìbò ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta 1965, kò fẹ́ kí wọ́n yí orúkọ náà padà nígbà ayé rẹ̀. Ó ní kí a fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ìtàn lè pé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ta síbẹ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Síbẹ̀ mi ò gbà. Ohun tí Lewis àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí afárá náà kò nílò orúkọ Pettus kó tó lè wà ní ìrántí, ìpínlẹ̀ tó bá sì ń bọlá fún Pettus lónìí ń bọlá fún un ni, ìtumọ̀ yòówù tí àwọn tó ń rìn kọjá ní ọkàn wọn.

Ẹni tó bá sì ń sọ òótọ́ fún òyìnbó gbọ́dọ̀ lè sọ ọ́ nílé. Ní oṣù Keje 2022, orílẹ̀-èdè Benin ṣí ère obìnrin ológun Dahomey ní Cotonou, ọgbọ̀n mítà ló ga. Ogun ọba Glele ti Dahomey ló kó Kossola, ó sì sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé àwọn obìnrin ológun wà lára àwọn tó ya wọ ìlú wọn ní ìdájí. Ẹgbẹ́ ogun yìí náà ló kọlu Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864, òun ló sì fọ́ Kétu ní 1886. Wọ́n bá Faransé jà lẹ́yìn náà, wọ́n jà kíkankíkan, mi ò jiyàn. Àmọ́ mi ò lè bẹnu àtẹ́ lu Pettus ní Selma kí n wá júbà ère yẹn ní Cotonou. Ìwọ̀n kan náà ni mo máa fi wọn àwọn balógun tiwa tí wọ́n kó ọmọ Yorùbá tà sí etí òkun. Ẹni tó ṣu máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o ni kì í gbàgbé.

Ní ti Selma, ohun tó dènà kò fara sin. Ní 2017, Alabama ṣe òfin kan tó ní ohun ìrántí tó bá ti lé ní ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wó o, kò sì gbọ́dọ̀ yí orúkọ rẹ̀ padà. Mobile san owó ìtanràn 25,000 dọ́là nítorí pé ó yọ Semmes. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti di ọmọ onílùú ní Alabama, ní Georgia, ní Texas, ẹ̀yin lẹ ń dìbò yan àwọn aṣòfin wọ̀nyí. Bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò lẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n dúró sí. Ẹ má ṣe ní ọ̀rọ̀ àwọn àkàtà ni. Ọmọ Yorùbá ni Àbákẹ́. Òfin 2017 ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́gi lé, kí orúkọ Pettus sì tẹ̀ lé e. Àwọn ará Selma ló ni ẹ̀tọ́ láti yan orúkọ tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀.