ÌPÀTẸ ÀWÒRÁN ÀTI DÍGÍ: Ẹ GBÉ E WÁ SÍ ỌBALÉNDÉ

Lọ́pọ̀ ìgbà ní Èkó, bí àwọn ayàwòrán àti àwọn tí ń fi dígí wẹ́wẹ́ ṣe ọnà sára ògiri bá fẹ́ pa iṣẹ́ wọn pọ̀ pàtẹ, Ìkòyí tàbí Victoria Island ni wọn yóò gbé e lọ. Níbẹ̀ ni àwọn ọlọ́lá yóò péjọ sí, tí wọn yóò ra èyí tí ó bá wù wọ́n, tí wọn yóò sì gbé e lọ sí ilé wọn. A kò bínú sí ọlọ́lá tí ń ra iṣẹ́ ọnà. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni oníṣẹ́ ọnà ti ń rí oúnjẹ òòjọ́. Ṣùgbọ́n àwa ní ẹ̀bẹ̀ kan: ìpàtẹ tí ń bọ̀, kí wọ́n gbé e wá sí Ọbaléndé.

Kò sí ẹni tí ó mọ Èkó tí kò mọ Ọbaléndé. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń já èrò, ibẹ̀ náà ni ó ti ń kó wọn. Òṣìṣẹ́, oníṣòwò, ọmọ iléèwé, gbogbo wọn ni ń gba abẹ́ afárá rẹ̀ kọjá. Àwọn àgbà sọ pé orúkọ náà jáde láti ẹnu àwọn tí aláṣẹ lé kúrò níbùgbé wọn àtijọ́, tí wọ́n ń wí pé, ‘Ọba ló lé wa dé ibí.’ Àwọn tí a ti lé lẹ́ẹ̀kan rí, kò yẹ kí iṣẹ́ ọnà tún máa sá fún wọn.

Àwọn kan yóò wí pé ọgbọ́n òyìnbó ni àwòrán onídígí. Òtítọ́ ni pé ó ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Ítálì. Èyí tí ó wà lára ògiri àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ìlú Ravenna ti lé ní 1,400 ọdún. Ṣùgbọ́n dígí kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ wa. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn tí Ọ̀mọ̀wé Abidemi Babalola jẹ́ aṣáájú wọn wú ìlẹ̀kẹ̀ dígí tí ó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí a fi ń yọ́ dígí. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé àwọn baba wa ni ó ń po dígí náà fúnra wọn láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Ẹni tí ó po dígí fún ìlẹ̀kẹ̀ ọba, ta ni yóò sọ fún un pé dígí kì í ṣe tirẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ ni ti àwòrán kíkùn. Aina Onabolu, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tí a bí ní 1882, ya àwòrán ènìyàn bí ẹni ń mí nígbà tí àwọn kan ń ṣiyèméjì bóyá aláwọ̀ dúdú lè ṣe é. Òun ni ó rọ ìjọba òyìnbó títí tí a fi ń kọ́ ọmọ ní àwòrán yíyà nínú iléèwé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Yusuf Grillo dé, ọmọ Èkó tí a bí ní 1934 ní àdúgbò àwọn Àgùdà, tí ó sì di olóògbé ní 2021. Òun gan-an ni ìpàtẹ alápapọ̀ tí à ń wí yìí: ọwọ́ kan ń kun ọ̀dà, ọwọ́ kejì ń to dígí. Àwọ̀ aró tí ó kún inú àwòrán rẹ̀, òun náà ni oòrùn ń là kọjá nínú fèrèsé tí ó ṣe sí ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Yaba.

Níhìn-ín ni ìyàtọ̀ wà. Àwòrán orí aṣọ ṣe é ká, ó ṣe é gbé. Ní 2018, wọ́n ta ‘Tutu’ tí Ben Enwonwu yà ní Lọ́ńdọ̀nù ní iye tí ó lé ní mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn. Inú wa dùn pé ayé mọ iyì ọmọ wa. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwa tí ó bí i ni ó ti fojú rí àwòrán náà? Dígí tí a tò mọ́ ògiri kò lè wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ti ẹni tí ń kọjá ni, ìbáà jẹ́ mínísítà, ìbáà jẹ́ alágbàárù.

Ṣùgbọ́n ògiri pẹ̀lú lè wó. Ilé Ilojo Bar tí àwọn Àgùdà kọ́ sí Tinúbú, tí ìjọba ti kéde ní 1956 pé ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ni, ni a wó palẹ̀ ní oṣù September 2016. Ìwé àṣẹ kò gbà á là. Ohun tí ará ìlú kò bá mọ̀ pé tiwọn ni, wọn kì yóò jà fún un. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ìpàtẹ wá bá wọn níbi tí wọ́n wà.

A mọ̀ pé ẹnìkan yóò bi wá pé, ‘Ebi ń pa wá, ẹ ń sọ̀rọ̀ dígí?’ Ìbéèrè náà kò burú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó po dígí ní Ifẹ̀ náà jẹun. Iṣẹ́ ni ó jẹ́ fún wọn, òwò sì ni. Ọ̀dọ́ tí ó bá kọ́ bí a ti ń gé dígí, tí ó sì mọ̀ ọ́n tò, ní iṣẹ́ lọ́wọ́ níbikíbi tí a bá ti ń kọ́lé.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, kò dìgbà tí ìjọba bá fún yín lówó. Ẹ fi bébà aláràbarà tí a gé wẹ́wẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì. Musíọ̀mù Oníkan tí a ṣí ní 1957 kò jìnnà sí Ọbaléndé. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, bí àsìkò ìbò bá dé, ẹ má ṣe lẹ àwòrán olùdíje mọ́ orí iṣẹ́ ọnà; ẹ kúkú bi olùdíje náà pé ògiri wo ni yóò fún àwọn oníṣẹ́ ọnà bí ó bá wọlé. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fún wọn ní ògiri kan péré ní Ọbaléndé, kí ó fi òfin dáàbò bò ó.

Ògiri kan ni a ń bèèrè. Àwọn tí ń dúró de ọkọ̀ níbẹ̀ láràárọ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ.