Ilé Tí Aláìsàn Ń Bọ̀ Wá Sí



Ara ìyá ọkọ mi ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Àrùn ẹ̀gbà mú wọn ní apá àti ẹsẹ̀ òsì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé ìwòsàn, wọ́n padà wá sọ́dọ̀ wa ní Ìkòròdú. Mo ti múra dè wọ́n: mo ra fóòmù tuntun, mo fọ aṣọ fèrèsé, mo sì tẹ́ rọ́ọ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn kí ilẹ̀ má baà tutù sí wọn lẹ́sẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹrin, wọ́n dìde láti lọ tọ̀. Ẹsẹ̀ tí wọ́n ń wọ́ kọ́ etí rọ́ọ̀gì náà, wọ́n sì ṣubú. Egungun ìbàdí wọn ṣẹ́. A gbé wọn lọ sí Igbóbì, níbi tí ìjọba ti ń tọ́jú egungun láti 1945, ṣùgbọ́n wọn kò dá rìn mọ́. Rọ́ọ̀gì tí èmi olùkọ́ ìtọ́jú ilé fi owó ara mi rà ni ó fa èyí.

Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan tí ó lọ́kọ sí Ẹ̀pẹ́ ránṣẹ́ pé bàbá ọkọ òun tí ẹ̀gbà mú ń ti ilé ìwòsàn bọ̀, mo wọ ọkọ̀, mo gba ọ̀nà Ìtòkín lọ bá a. Kí ó tó fi yàrá hàn mí ni mo ti béèrè pé: "Ibo ni Bàbá yóò máa gbà lọ sí ilé ìwẹ̀?"

"Ẹ̀yìnkùlé ni, mà."

Àtẹ̀gùn méjì ni Bàbá yóò sọ̀, wọn yóò sì kọjá lẹ́bàá kànga, níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. A fi yanrìn àti ọṣẹ fọ ibẹ̀ títí ó fi mọ́. Káfíńtà kan igi ìdìmú mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀. Ó tún kan àga onígi kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòòrò, kí Bàbá máa jókòó wẹ̀. Àga oníke fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn lè yẹ̀ lórí omi. Ní ti òru, kí wọn má jáde rárá. Ẹ gbé póò sí ìtòsí, ẹ fi iná kékeré sílẹ̀, ẹ sì gbé agogo sí ọwọ́ wọn tí ó le. Ẹ wo gíga ibùsùn pẹ̀lú: bí aláìsàn bá jókòó sí etí rẹ̀, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kan ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà yóò bá mi jà lórí ọ̀rọ̀ omi gbígbóná. Wọ́n gbà pé omi tí ó gbóná janjan ni ó ń tú iṣan. Ṣùgbọ́n apá tí ẹ̀gbà mú lè má mọ ooru mọ́. Awọ yóò ti bó kí aláìsàn tó mọ̀. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ yín dán omi náà wò, bí ẹ ti ń ṣe fún ọmọ tuntun.

Ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ ní ìdùbúlẹ̀. Bí ó bá ń wúkọ́ nígbà tí ó ń gbé nǹkan mì, ẹ tètè sọ fún dókítà. Ẹ ti oògùn mọ́ inú àpótí nítorí àwọn ọmọdé.

Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìbẹ̀rù olè ni ó ń mú wa gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú èéfín rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí ojú kò rí, tí imú kò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ dá lè rí i pé orí ń fọ́ òun, kí ó sì sá jáde. Ẹni tí kò lè dá dìde kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ jẹ́ kí ó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán, kí ihò èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí fèrèsé.

Ọkọ akẹ́kọ̀ọ́ mi ni mo sì ní kí ó máa gbé bàbá rẹ̀ dìde, kì í ṣe ìyàwó nìkan. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ le díẹ̀, àmọ́ ó ń ṣe é.

Nígbà tí mo tún dé Ẹ̀pẹ́, Bàbá di igi ògiri mú, wọ́n ń bá ọmọ-ọmọ wọn jà pé ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lójú ọ̀nà.