Ṣé dandan ni kí aláàbọ̀ ara pa wá lẹ́kún ká tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Nígbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ ìròyìn kan, mo lọ fọ̀rọ̀ wá akáǹtáǹtì kan lẹ́nu wò lórí owó orí tí àwọn oníṣòwò kéékèèké ń san. Kẹ̀kẹ́ arọ ni àǹtí yìí fi ń rìn. Bí mo ṣe jókòó báyìí, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu mi ni: "Àǹtí, ẹ má bínú o, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ sí yín?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Àbúrò mi, ṣebí owó orí lo ní a fẹ́ sọ?"

A sọ owó orí náà. Wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ débi pé ó yé èmi olódo ìṣirò. Nígbà tí mo gbé e dé ọ́fíìsì, ọ̀gá mi gé gbogbo owó orí dànù. Àkọlé tó jáde lọ́jọ́ kejì: "Kẹ̀kẹ́ arọ ló fi ń rìn, síbẹ̀ ó di akáǹtáǹtì." Orúkọ mi ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ bá mi wo "síbẹ̀" yẹn. Ṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò ni?

Ọ̀nà méjì péré la fún aláàbọ̀ ara láti sọ̀rọ̀. Ti àkọ́kọ́, kó ka ìyà ẹ̀ fún wa, ká fún un ní igba náírà, ká ní Ọlọ́run á ṣe é. Èkejì, kó ní òun ti borí, ká pàtẹ́wọ́, ká gbé fídíò ẹ̀ sórí status, ká kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Ìwọ tí ara ẹ dá ṣáṣá, kí lò ń ráhùn sí?" Tó bá wá ní inú ń bí òun, àbí iṣẹ́ ti sú òun, ó ti di aláìmoore nìyẹn. Àwa yòókù ń ráhùn lórí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lójoojúmọ́, ta ló pè wá ní aláìmoore?

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan. Ní 2014, oníròyìn kan ní Australia, Stella Young, tí òun náà ń lo kẹ̀kẹ́, sọ pé nígbà tí òun wà lọ́mọ ọdún 15, ará àdúgbò kan fẹ́ kí wọ́n fún òun ní àmì-ẹ̀yẹ. Àwọn òbí ẹ̀ ní ó dáa o, àmọ́ kí ni ọmọ àwọn ṣe?

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ìtàn ìjàǹbá ẹ̀. Yínká Ayéfẹ́lẹ́ fúnra ẹ̀ ló fi ìjàǹbá ọkọ̀ tó ní ní 1997 kọrin. Tiẹ̀ ni, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ló ni Fresh FM. Èmi ì bá fẹ́ bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń rówó díísù tí rédíò fi ń sọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi ń pariwo ni òfin. Oṣù Kìíní 2019 ni Ààrẹ Buhari bu ọwọ́ lu òfin tó ní kí wọ́n má ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀. Ọdún 5 ni òfin náà fún àwọn ilé tí ará ìlú ń wọ̀ láti ṣe àtúnṣe, kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ lè ráyè wọlé. Ọdún 5 yẹn pé ní oṣù Kìíní 2024. Ẹ lọ sí báńkì tó wà ládùúgbò yín, ẹ ka àtẹ̀gùn tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Nínú ìtàn "síbẹ̀", àtẹ̀gùn yìí ti di ohun tí akọni borí. Ẹni tó kọ́ ọ, tí ò ṣe ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kò sí nínú ìtàn rárá. Àwa oníròyìn ò pè é, a ò bi í pé kí ló dé tó ń rú òfin. A ti rí omijé, kí la tún fẹ́ fi ìbéèrè ṣe?

Mo pe àǹtí náà lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo tọrọ àforíjì, mo ní ṣé a lè tún owó orí yẹn sọ, kí n gbé e síbí bó ṣe rí gan-an. Wọ́n ní kò burú, àmọ́ kí n ṣe sùúrù di oṣù Kẹrin, torí títí ìparí oṣù Kẹta, àwọn oníbàárà ò ní jẹ́ kí àwọn mí.