Òṣèré tó tún jẹ́ ayàwòrán: Ohun tí gbọ̀ngàn Ìgandò lè rí kọ́ ní Òṣogbo

Gbọ̀ngàn eré tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ sí Ìgandò lásìkò Gómìnà Akinwunmi Ambode (2015 sí 2019) kì í ṣe ohun kékeré fún Alimọṣọ, ìjọba ìbílẹ̀ tí iye èèyàn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan nínú ìkànìyàn ọdún 2006. Ará Ìkòtún tàbí Ẹgbẹ́dá tó bá fẹ́ wo eré orí ìtàgé kò ní láti dé Ìgànmú mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ilé, ọ̀tọ̀ ni ohun tí òṣèré yóò jẹ lọ́jọ́ tí kò bá sí eré. Ẹ̀ẹ̀melòó la ti rí àgbà òṣèré tí wọ́n ń tọrọ owó ìwòsàn fún ní gbangba!

Ọ̀rọ̀ yìí mú ìtàn Muraina Oyelami wá sí ìrántí. Ìràgbìjí ni wọ́n ti bí i ní 1940. Òṣèré àti onílù ni nínú ẹgbẹ́ olóògbé Dúró Ládiípọ̀ ní Òṣogbo. Ládiípọ̀ ti sọ ilé ọtí rẹ̀ di Mbari Mbayo ní 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ òyìnbó kan, Ulli Beier. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń ṣeré, tí wọ́n sì ń pàtẹ àwòrán. Nígbà tí Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní 1964 láti kọ́ wọn ní àwòrán yíyà, kò bi ẹnikẹ́ni ní ìwé ẹ̀rí. Oyelami wà níbẹ̀. Rufus Ogundele, tí òun náà jẹ́ òṣèré Ládiípọ̀, di ayàwòrán. Kódà Jimoh Buraimoh, ẹni tó ń tan iná sí orí ìtàgé fún wọn, di ẹni tí ayé mọ̀ fún àwòrán onílẹ̀kẹ̀.

Ọ̀dà kò gba ìlù lọ́wọ́ Oyelami. Ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlù àti ijó ní yunifásítì Ifẹ̀, ìwé rẹ̀ lórí ìlù dùndún sì jáde ní Bayreuth, Jámánì, ní 1989. Ìràgbìjí fi í jẹ oyè Ẹ̀ẹ̀sà. Nígbà tí Ládiípọ̀ kú ní 1978, Oyelami ti ní iṣẹ́ tí kò so mọ́ ẹgbẹ́ eré kankan.

Òótọ́ ni pé àwọn ayàwòrán tó kàwé bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ará Òṣogbo nígbà náà, wọ́n ní ohun tí òyìnbó fẹ́ ni wọ́n ń yà. Òyìnbó ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń rà á lóòótọ́. Ibi tó le jù nìyẹn fún Ìgandò: ta ni yóò rà á?

Síbẹ̀, yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbọ̀ngàn, ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, kò lè wọ́n tó àga inú gbọ̀ngàn náà. Olùkọ́ pàápàá kò jìnnà. Àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ pátákó ìpolówó, tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn, ṣì mọ bí wọ́n ṣe ń po ọ̀dà.