ÀTÚNṢE ETÍ ÒKUN ÈKÓ: TA NI WỌ́N Ń TÚN UN ṢE FÚN?



Nígbàkúùgbà tí ìjọba bá ní òun fẹ́ tún etí òkun Èkó ṣe, kí ó lè rí bí ìlú afẹ́ tí ó wà ní òkè òkun, àwọn kan a máa pàtẹ́wọ́. Àwọn tí ń gbé etí òkun kì í pàtẹ́wọ́ ní tiwọn. Ẹrù ni wọ́n máa ń dì. Wọ́n ń pè wọ́n ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Àwa ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sọ pé irọ́ ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá.

Ẹ jẹ́ kí a ka ejò náà ní oókan-oókan.

Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà tí Raji Rasaki ń ṣe gómìnà ológun, ìjọba fún àwọn ará Maroko ní ọjọ́ méje péré láti kó jáde. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni katakata lé kúrò nílé. Wọ́n ní ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, wọ́n ní omi lè gbé e lọ. Ó dára. Ẹ lọ wo ibẹ̀ lónìí: ilé olówó ńlá àti ilé ìtajà ló kún ibẹ̀. Ṣé omi mọ ilé tálákà yàtọ̀ sí ilé olówó ni? Ilẹ̀ tí kò dára fún awakọ̀ àti alágbàṣe, báwo ló ṣe wá dára fún alágbára?

Láti oṣù kọkànlá ọdún 2016 títí dé oṣù kẹrin ọdún 2017, wọ́n lé àwọn ará Otodo Gbame, tí ó lé ní 30,000, kúrò létí ọ̀sà ní Lẹ́kí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Èkó sọ pé ohun tí wọ́n ṣe lòdì sí òfin, pé ìwà ìkà ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ adájọ́, ṣùgbọ́n ìdájọ́ kì í gbé òrùlé lé ènìyàn lórí. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ó kan Tarkwa Bay. Àwọn ọmọ ogun ojú omi dé, wọ́n ní àwọn kan ń fọ́ páìpù epo níbẹ̀. Nǹkan bí wákàtí kan ni wọ́n fún ìlú tí ènìyàn bí 4,500 ń gbé. Bí olè bá wà nínú ìlú, ṣé gbogbo ìlú ni à ń wó?

Ẹ má jẹ́ kí a parọ́ mọ́ òkun. Òótọ́ ni pé nígbà kan rí, omi ń jẹ ilẹ̀ ní Bar Beach, tí ìgbì sì máa ń ya wọ títì Ahmadu Bello. Ṣùgbọ́n ta ló rán omi níṣẹ́? Ìwọ̀ oòrùn ni yanrìn etí òkun wa ti ń ṣàn lọ sí ìlà oòrùn. Láti nǹkan bí ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó ti ń mọ ògiri òkúta sínú òkun, kí ọkọ̀ ojú omi lè rí ọ̀nà wọ èbúté. Ògiri náà dá yanrìn dúró. Apá kan ń ga sí i, omi sì ń jẹ apá kejì. Èrè èbúté lọ sí àpò oníṣòwò, ará Èkó ló jogún ìgbì.

Nígbà tó yá, wọ́n kó yanrìn láti ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n fi kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sí iwájú Bar Beach. Ògiri rẹ̀ ń dáàbò bo Victoria Island, a kò jiyàn. Ṣùgbọ́n àwọn ará Okun Alfa, tí wọ́n wà ní ìlà oòrùn, ń ké pé láti ìgbà náà ni omi ti túbọ̀ ń le mọ́ àwọn. Ẹni tí kò bá fetí sí wọn, kí ó rántí ìtàn ògiri àkọ́kọ́.

Bar Beach tí gbogbo wa mọ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ ní ọjọ́ ọdún, tí àwọn aláṣọ funfun ń gbàdúrà, tí ọmọ tálákà ń gun ẹṣin. Ó ti dópin.

Wọ́n ní iṣẹ́ ń bọ̀. Ẹ gbọ́ ìṣirò wọn: 250,000 ènìyàn ni yóò máa gbé ìlú tuntun náà, 150,000 yóò sì máa wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀yin ará, púpọ̀ nínú 150,000 yẹn, àwa ni! Wọ́n kà wá mọ́ àwọn tí yóò wá gbálẹ̀, tí yóò ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí yóò wa ọkọ̀. Wọn kò kà wá mọ́ àwọn tí yóò sùn níbẹ̀. Láti Ìkòròdú, láti Àjégúnlẹ̀, aago mẹ́rin òru ni a ó máa jí, owó ọkọ̀ ni yóò sì jẹ owó oṣù wa tán.

Ní ọdún 2024, títì etí òkun láti Èkó dé Calabar, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 700 kìlómítà, gba Landmark Beach kọjá. Ọ̀rọ̀ oníṣòwò ńlá kún ìwé ìròyìn. Àwọn agbáwo, àwọn tí ń se oúnjẹ, awakọ̀ tí ń gbé èrò lọ síbẹ̀, ta ló kà wọ́n?

Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, owó ilé àti ohun ọ̀gbìn ni òfin ní kí ó san, onílé ló sì ń gbà á. Ayálégbé kò rí kọ́bọ̀. Ayálégbé sì ni púpọ̀ nínú wa. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ Maroko àti Tarkwa Bay kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn.

A kò sọ pé kí wọ́n má tún ìlú ṣe. Ohun tí a ń béèrè nìyí:

1. Kí wọ́n gbé àwòrán iṣẹ́ náà wá síwájú àwọn ará ibẹ̀, ní èdè tí wọ́n gbọ́, kí katakata tó dé.
2. Kí ilé tuntun wà nílẹ̀ kí wọ́n tó wó ti àtijọ́, fún onílé àti ayálégbé.
3. Kí wọ́n ka òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ mọ́ àwọn tí wọ́n gbọ́dọ̀ san owó fún.
4. Kí apá kan etí òkun wà fún gbogbo ènìyàn láìsan kọ́bọ̀.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé ẹ̀ka. Ẹ bi àwọn tí ẹ dìbò fún. Ọwọ́ wa ló ru yanrìn, ọwọ́ wa ló po sìmẹ́ńtì. Ẹni tó kọ́ ìlú kò gbọdọ̀ di àlejò nínú rẹ̀.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára wa!